Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tuntun lára alùpùpù mi: ó dára, àmọ́ téèpù ìwọ̀n ló jẹ́ kí n mọ̀

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń gun alùpùpù mi pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tuntun. Ká ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí ni, ohun tí ẹ máa kà ni pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn alùpùpù náà le bíi pákó, ó ń gbá mi nídìí níbi gbogbo tí títì bá ti rí gbágungbàgun, mo sì ti ń wá páálí rẹ̀ káàkiri ilé kí n lè dá a padà fún ẹni tó tà á. Lónìí, ẹni tó bá ní kí n tú u kúrò, a jọ máa fà á ni. Ṣọ́ọ̀kì kan náà ni, alùpùpù kan náà ni, èmi kan náà ni mo sì ń gùn ún. Ohun tó yí padà ni ìrọ̀lẹ́ kan tí èmi àti àbúrò mi fi ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ tí mo dè é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rà. Ṣọ́ọ̀kì méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, fún irú alùpùpù ojú títì tí kì í ṣe ti eré ìje. Láti àárín ihò bóòtù òkè dé àárín ihò bóòtù ìsàlẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 330. Mìlímítà 320 ni ti àtijọ́ tí mo yọ, ìyẹn tí ọ́ìlì ti jò tán nínú rẹ̀, tí ẹ̀yìn alùpùpù wá ń fò bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n là mọ́lẹ̀. Lókè ti tuntun yìí, òrùka irin méjì wà tí à ń yí bí ẹni yí nọ́ọ̀tì: èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń fún sípíríńgì tàbí dẹ̀ ẹ́, èkejì ń tì í pa kó má baà yí padà fúnra rẹ̀. Nísàlẹ̀, bọ́tìnnì kékeré kan wà tó ń dún tá, tá, tá bí ẹ bá ń yí i. Ìró 20 ló ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bọ́tìnnì yìí ló ń sọ bí ṣọ́ọ̀kì ṣe máa yára tó tàbí rọra tó láti padà sókè lẹ́yìn tí ẹrù bá ti tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tó wà lára páálí kò ṣe pàtàkì, torí irú rẹ̀ ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ bá rí òrùka méjì lókè àti bọ́tìnnì oníró 20 nísàlẹ̀, ẹ mọ̀ pé òun ni.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ dùn ún wò. Ọ̀dà ara sípíríńgì rẹ̀ kò bó títí di òní. Ọ̀pá tó ń wọlé tó ń jáde ń dán bíi dígí, mi ò sì tíì rí ẹ̀kán ọ́ìlì kan lára rẹ̀. Bọ́ọ̀ṣì rọ́bà tó wà nínú ihò bóòtù mú dáadáa, wọ́n sì fi irin rìbìtì oríṣiríṣi sínú páálí kó lè bá bóòtù tínrín àti bóòtù tó sanra mu. Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó ni ìwé. Bébà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àwòrán méjì ló wà lórí rẹ̀, ohun tó sì sọ kò ju pé kí ẹ de ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ fún bóòtù, kí ẹ máa gùn. Kò sọ pé ẹni tó máa gùn ún ní láti wọ̀n ọ́n. Mo gbà pé ẹ̀bi ńlá nìyẹn, torí pé ẹni tó bá tẹ̀lé bébà yẹn kò ní mọ ohun tó rà láéláé.

Dídè é fúnra rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ohun méjì dí mi lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn máa ń fúnni ni pé ká yọ ṣọ́ọ̀kì kan, ká fi tuntun sí i, ká tó yọ èkejì, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má baà já wálẹ̀. Òótọ́ ni bí gígùn méjèèjì bá dọ́gba. Tèmi kò dọ́gba. Nígbà tí ti àtijọ́ ṣì wà lósì, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ihò bóòtù ti tuntun wà lọ́tùn-ún, mìlímítà 10 ló sì kù. Mo ń fà, mo ń tì, bóòtù kò wọlé. Níkẹyìn mo gbé e sórí dọ́bù sítáǹdì, mo ki pátákó sábẹ́ táyà ẹ̀yìn, mo yọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo wá ń sún pátákó náà díẹ̀díẹ̀ títí ihò fi bá ihò. Ìkejì ni irin tó bo ṣéènì. Sípíríńgì tuntun yìí sanra ju ti àtijọ́ lọ, lápá òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ra irin náà lára. Wáṣà kan tó nípọn ló yanjú ìyẹn. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà náà, kí ẹ tó gbà pé iṣẹ́ parí.

Àṣìṣe kan tí mo ṣe lọ́jọ́ náà: ìgbà tí táyà ẹ̀yìn ṣì wà lókè ni mo fún gbogbo bóòtù pinpin. Láti ọjọ́ kejì ni nǹkan ti ń ké kíì, kíì nígbàkúùgbà tí mo bá jókòó. Mẹkáníìkì àgbà kan tí mo máa ń lọ bá gbọ́ ọ, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní, “Ìgbà tó wà lókè lo fún un, àbí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá.” Ó ní kí n dẹ̀ ẹ́, kí n sọ alùpùpù kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹnì kan jókòó lé e, kí n tó fún un padà. Àlàyé rẹ̀ ni pé rọ́bà inú bọ́ọ̀ṣì kì í yí bí bọ́ọ̀lì, ńṣe ló máa ń lọ́. Ibi tó wà nígbà tí ẹ fún bóòtù ló gbà sí ibi ìsinmi rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí táyà wà lókè, á máa wà ní lílọ́ ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá ń gùn ún, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe ya. Mo ṣe bí ó ti wí. Igbe náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Igbe dákẹ́, àmọ́ ìdí ṣì ń dùn mí. Ọjọ́ kan wà tí mo gba ojú ọ̀nà kan tó ní gegele kéékèèké tò léra wọn bí ẹni kọ ebè. Gegele àkọ́kọ́, ó gbà á. Ìkejì, ó gbà á. Nígbà tí ó fi máa di ìkarùn-ún, ẹ̀yìn ti gan pátápátá, ńṣe ni mo ń fò lórí síìtì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò yé mi nígbà yẹn. Ó yé mi nísinsìnyí: ṣọ́ọ̀kì náà ń padà sókè jẹ́jẹ́ jù. Gegele kejì bá a níbi tí kò tíì dìde tán, ìkẹta bá a nísàlẹ̀ sí i, títí tí kò fi sí àyè kankan mọ́ fún un láti gba nǹkan. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní sípíríńgì ló le jù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé la gbé téèpù jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni afẹ́fẹ́ inú táyà, torí táyà tó bá le jù tàbí tó rọ̀ jù á máa parọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà mo wọn gígùn sípíríńgì fúnra rẹ̀, láti abẹ́ òrùka dé ìsàlẹ̀. Ẹnu yà mí. Mìlímítà 208 ni ti òsì, 212 ni ti ọ̀tún. Bí ó ti jáde nínú páálí ni mo ṣe dè é o, mi ò fọwọ́ kan òrùka kankan. Ẹni tó tò ó pọ̀ fún ọ̀kan ju èkejì lọ ní mìlímítà 4. Mo lọ sídìí bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, mo yí ti òsì sí ọwọ́ ọ̀tún jẹ́jẹ́ títí ó fi kọ̀, mo ń kà á bó ṣe ń dún: ìró 4 péré. Ti ọ̀tún, ìró 9. Méjèèjì ló sún mọ́ ibi tí wọ́n ti tì í pa, ìyẹn ibi tó ti ń lọ́ra jù, wọn ò sì tún bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ra ṣọ́ọ̀kì méjì, ẹ wọ̀n wọ́n síra wọn kí ẹ tó dè é. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Mo kọ́kọ́ mú kí sípíríńgì méjèèjì jẹ́ mìlímítà 210, mo sì fi bọ́tìnnì méjèèjì sí ìró 10 láti ibi tí wọ́n ti pa pátápátá. Ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n gan-an.

Bó ṣe rí nìyí. Ẹ máa nílò ojú ibi méjì tí kò ní yí padà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni àárín irin tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí lé lórí. Fún ti òkè, mo lẹ sálótéèpù mọ́ abẹ́ síìtì, mo sì fi bírò fa ìlà kan sórí rẹ̀ gangan lókè irin náà. Ìwọ̀n àkọ́kọ́, táyà wà lókè, kò kan ilẹ̀, ṣọ́ọ̀kì sì nà tán: mìlímítà 562. Ìwọ̀n kejì, alùpùpù dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láìsí ẹnikẹ́ni lórí: 559. Ìwọ̀n kẹta, mo wọ ẹ̀wù tí mo máa ń wọ̀ gùn ún, mo dé akoto, mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, mo sì fi ìgbọ̀nwọ́ kan ògiri kí n má baà ṣubú. Kílò 78 ni gbogbo ara mi pẹ̀lú ẹrù yẹn.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú téèpù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé orí yín sókè, ẹ má wò mí.” Òótọ́ ló sọ, torí nígbà tí mo yíjú wo téèpù, ìwọ̀n náà yí padà. Ó tẹ ẹ̀yìn alùpùpù mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ kó rọra dìde. Ó ní, “541.” Ó tún gbé e sókè díẹ̀, ó fi í sílẹ̀ kó rọra jókòó. Ó ní, “539. Èwo ni ká kọ?” Méjèèjì ló tọ̀nà. Rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì máa ń di ọ̀pá mú, bọ́ọ̀ṣì náà ń di tirẹ̀ mú, nítorí náà ibi tó máa dúró sí nígbà tó ń lọ sókè yàtọ̀ sí ibi tó máa dúró sí nígbà tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ mú èyí tó wà láàárín wọn. A kọ 540.

Ẹ yọ 540 kúrò nínú 562, ó ku 22. Ìyẹn ni pé mìlímítà 22 péré ni ẹ̀yìn fi sọ̀ nígbà tí mo jókòó lé e. Gbogbo àyè tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù mi ní láti rìn sókè-sódò jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 110. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń wá lórí alùpùpù ojú títì ni kí olùgùn mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè náà, ìyẹn mìlímítà 30 sí 40 lórí irú tèmi. Ti àwọn alùpùpù inú igbó tí àyè wọn tó mìlímítà 300, nǹkan bíi 100 ni wọ́n ń wá. Láìsí olùgùn lórí, kí alùpùpù ojú títì fúnra rẹ̀ sọ̀ ní nǹkan bíi 10 sí 20. Tèmi sọ̀ ní 3. Abájọ! Kòtò tí táyà mi bá bá pàdé, kò sí àyè tó fi máa tẹ̀ lé e wọlé, torí ṣọ́ọ̀kì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán kí n tó gbéra nílé. Táyà á rọ̀ dirodiro sókè kòtò, á sì gbá etí rẹ̀ lódì kejì. Ohun tó ń gbá mi nídìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀ níbí, torí mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Wọ́n á ní, “Fún sípíríńgì yẹn kó lè le sí i.” Sípíríńgì kì í le sí i torí pé ẹ fún un. Robert Hooke ti kọ ọ́ jáde lọ́dún 1678 pé bí agbára tó ń fa sípíríńgì bá ṣe tó ni yóò ṣe nà tó. Bó ṣe rí náà nìyẹn bí ẹrù bá ń tẹ̀ ẹ́: iye kílò tó máa tẹ sípíríńgì tèmi wọlé ní mìlímítà kan, iye yẹn náà ni, òrùka ìbáà wà lókè, ìbáà wà nísàlẹ̀. Ohun tí òrùka ń ṣe ni pé ó ń sọ ibi tí alùpùpù máa jókòó sí nínú àyè tó ní. Ẹni tó bá fẹ́ kó le ní tòótọ́ ní láti pààrọ̀ sípíríńgì.

Nítorí náà mo dẹ òrùka. Yíyí kan kíkún jẹ́ mìlímítà 1.5. Mo yí i lẹ́ẹ̀méje lọ́tùn-ún, lẹ́ẹ̀méje lósì, gígùn sípíríńgì wá di 220.5. Mo wò ó bóyá sípíríńgì ṣì há díẹ̀ nígbà tí táyà bá wà lókè, torí kò gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀ kó máa mì. Ó há. A tún wọ̀n. Láìsí mi: 548, ìyẹn 14. Pẹ̀lú mi: 528, ìyẹn 34. Àbúrò mi pariwo bí ẹni pé òun ló jẹ goolu.

Nọ́ḿbà méjì yẹn tí wọ́n jọ bọ́ sí i ló jẹ́ kí n mọ̀ pé sípíríńgì náà bá ìwọ̀n ara mi mu. Ká ní 34 ti tọ̀nà pẹ̀lú mi, àmọ́ láìsí mi kò sọ̀ rárá, á jẹ́ pé sípíríńgì rọ̀ jù fún mi, òrùka ni mo fi ń gbé e dúró. Ká ní láìsí mi ó ti sọ̀ ní 25, á jẹ́ pé ó le jù. Kí ẹ sì rántí pé ìwọ̀n ara mi ni mo ń sọ. Ẹni tó bá jẹ́ kílò 60 tàbí 105 gbọ́dọ̀ wọn tirẹ̀.

Ó ku bọ́tìnnì. Ọ̀nà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, mo fi ara tẹ síìtì mọ́lẹ̀ dáadáa, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan, kó dúró. Bí ó bá dìde, tó tún sọ̀, tó tún dìde, ó yá jù. Bí ẹ bá sì lè máa wò ó bó ṣe ń wọ́ bọ̀ bí ẹni tó ń jí lójú oorun, ó lọ́ra jù. Lórí ìró 10 ó ṣì ń wọ́ díẹ̀. Mo padà sí ojú ọ̀nà onígegele yẹn, mo ń tú u ní ìró kan kan, mo ń gùn ún lọ, mo ń gùn ún bọ̀, eré kan náà nígbà gbogbo. Lórí 12, gegele mẹ́wàá tò tẹ̀ léra, ẹ̀yìn sì gba ìkẹwàá bó ṣe gba àkọ́kọ́. Mo dán 14 wò: ní ìkọ̀rọ̀ kan tí mo fi eré díẹ̀ yà, ẹ̀yìn mì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí mo jáde. Mo padà sí 12. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ má fi agbára yí bọ́tìnnì náà nígbà tó bá ti kọ̀ lápá ibi tó ń tì í pa o. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, ẹ máa bà á jẹ́. Ẹ má sì dán an wò láti tú inú ṣọ́ọ̀kì náà fúnra yín, afẹ́fẹ́ náítírójìn tó há pinpin wà nínú irú rẹ̀.

Mìlímítà 10 tó fi gùn ju ti àtijọ́ lọ tún ní ohun tó ń fà. Ẹ̀yìn gbé sókè ju 10 lọ díẹ̀, torí ṣọ́ọ̀kì kì í dúró ṣánṣán, ó dà gẹ̀rẹ́ síwájú. Iwájú wá tẹ̀ síwájú, alùpùpù sì ń yára yà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀, pàápàá níbi tí ọkọ̀ bá pọ̀. Iná iwájú wálẹ̀, mo ní láti gbé e sókè. Lórí sítáǹdì ẹ̀gbẹ́, ó ń dà sí òsì ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má gbé e sórí ilẹ̀ tó bá fi bẹ́ẹ̀ dagun.

Ṣéènì ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn jù. Orí dọ́bù sítáǹdì ni mo ti tò ó, mo fi àyè mìlímítà 25 sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́. Nígbà tí àbúrò mi bá mi jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo na ọwọ́ kan ṣéènì. Ó le tantan bí awọ ìlù. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe ń lọ sókè-sódò ni ṣéènì ń há tó ń dẹ̀, ibi tó sì ti há jù ni ìgbà tí àárín eyín ṣéènì iwájú, bóòtù tí apá ẹ̀yìn fi so mọ́ ara alùpùpù, àti àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá wà lórí ìlà kan. Ṣọ́ọ̀kì tó gùn ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà sí ìlà yẹn, nítorí náà àyè tó tó lórí sítáǹdì kò tó mọ́ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ṣéènì tó há báyẹn á máa fa bọ́ọ̀lì tó wà níbi tí gíà ti jáde, ọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò níbẹ̀ láìpẹ́. Mo ní kí àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó lé e títí ìlà fi gún, mo sì dẹ ṣéènì títí ó fi ní àyè díẹ̀ níbi tó ti há jù. Bébà inú páálí kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa èyí. Ó dùn mí, torí ó lè ba ẹ̀ńjìnnì olówó iyebíye jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀.

Lẹ́yìn náà, mo so ike tín-ín-rín kan tí wọ́n fi ń di wáyà mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, mo sì tì í mọ́ ẹnu ibi tí ọ̀pá ti ń wọlé. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣe wọlé tó ni yóò ti ike náà lọ tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi gùn ún lọ síbi iṣẹ́ lójú ọ̀nà tó dára àti èyí tó burú, ó ku mìlímítà 12 kí ike náà kan rọ́bà ìdádúró. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn: ó lo àyè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì gbá ìsàlẹ̀ rí.

Ibi tí mo ti ní ẹ̀sùn ni ti èèyàn méjì. Nígbà tí àbúrò mi, tó jẹ́ kílò 60, bá jókòó sẹ́yìn mi, ohun tí téèpù sọ ni 507, ẹ̀yìn ti sọ̀ ní 55. Ìdajì gbogbo àyè ti lọ kí a tó kúrò lójú kan. Mo fún òrùka padà ní yíyí méje, ó wá di 518, ìyẹn 44. Ó ṣeé gùn, ṣùgbọ́n ike náà ti kan rọ́bà pátápátá nígbà tí a dé. Láìsí ẹnikẹ́ni lórí, ó sì ti padà sí 3 tí mo ń sá fún. Sípíríńgì yìí rọ̀ jù fún èèyàn méjì, òrùka kò lè tún un ṣe. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á bóyá wọ́n ní sípíríńgì tó le ju èyí lọ. Wọ́n fèsì kíá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ń gbé èrò lójoojúmọ́, tàbí tó bá ju kílò 90 lọ, kó wá èyí tí wọ́n ń bi èèyàn léèrè ìwọ̀n ara rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Yíyí òrùka náà tún gba agbára: ìkọ́ irin tí wọ́n fi sínú páálí tẹ́ẹ́rẹ́, ó yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ha mí lọ́wọ́ kan. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa àwọn eyín ibi tí òrùka ń gùn, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò níbẹ̀ ná.

Fún èmi tó máa ń dá gùn ún ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, mo tún máa rà á. Nínú ìràwọ̀ 5, mo fún ṣọ́ọ̀kì náà ní 4, mo fún bébà inú páálí ní 1. Lábẹ́ síìtì mi, mo lẹ ìwé kékeré kan mọ́bẹ̀ pẹ̀lú sálótéèpù. Àbúrò mi ló kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ: “562. 548. 528. Sípíríńgì 220.5. Bọ́tìnnì 12. Bí mo bá tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n, yíyí méje sí i, kí ẹ rọra sáré.”